Fíríìjì tó ti gbó, tó ń rùn, tí yìnyín sì ń dì gbagidi sínú rẹ̀: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Bí fíríìjì bá ti lò tó ọdún mẹ́wàá, ẹ̀sùn méjì ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ó ń rùn, yìnyín sì ń dì sínú fírísà rẹ̀ débi pé ilẹ̀kùn kì í padé mọ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń bá méjèèjì jà. Wọ́n á fi ọṣẹ olóòórùn dídùn nu èyí tó ń rùn, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbẹ́ èyí tó dì. Kò ní pẹ́ tí méjèèjì á tún fi padà dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni pé omi ló sábà máa ń wà nídìí méjèèjì. Omi tó gba ibi tí kò yẹ wọlé ló ń di yìnyín, omi tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń rùn. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta la ó máa bi fíríìjì náà: ibo lomi ń gbà wọlé, ibo ló yẹ kó gbà jáde, ibo ló dúró sí?

Ọ̀rọ̀ iná wa tún dá kún un. Wọ́n mú iná lọ lóru, ẹran tó ti dì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ro sílẹ̀, ó ṣàn lọ sábẹ́ yìnyín. Iná dé, ẹ̀jẹ̀ náà dì mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń lọ ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹran àti omi ẹja á tò sáàárín yìnyín ní ìpele-ìpele. Ìdí nìyẹn tí fíríìjì míì fi ń rùn láàárọ̀ tí iná kò bá sí, tí a kì í sì í gbóòórùn kankan nígbà tí iná bá wà. Òórùn náà ò lọ síbì kankan, ó kàn dì ni.

Irú èwo lẹ ní?

Ẹ ṣí fírísà yín kí ẹ wò ó. Bí yìnyín bá wà lára ògiri rẹ̀ tàbí lára pẹpẹ irin rẹ̀, tí kò sí fáànù tó ń fẹ́ nínú, ìyẹn ni èyí tí a ń fọwọ́ ara wa yọ́. Àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn àtijọ́ tó wà nílé wa. Bí ògiri bá mọ́ láú, tí ẹ sì rí àwọn ojú ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní "no frost" ni. Irú ìyẹn ní wáyà kan lẹ́yìn ike inú rẹ̀ tó máa ń gbóná látìgbà-dégbà láti yọ́ yìnyín fúnra rẹ̀, omi rẹ̀ á sì gba ihò kan ṣàn lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí yìnyín tó nípọn nínú irú èyí, a jẹ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, yìnyín díẹ̀ kì í ṣe àìsàn.

Yíyọ́ yìnyín

Bí yìnyín bá ti nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ó ti tó yọ́. Ẹ má dúró dìgbà tó máa di ìnípọn ọwọ́, torí yìnyín tó nípọn kì í jẹ́ kí òtútù ara páìpù dé ibi tí oúnjẹ wà. Fíríìjì á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, owó iná á máa lọ, ọbẹ̀ á sì máa kan.

Ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé iná kò ní sí ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, torí iná lè dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú omi. Ẹ kó ohun tó ti dì sínú kúlà, kí ẹ tò wọ́n mọ́ra, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bò wọ́n. Ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ tí òtútù ti kúrò lára wọn kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ níta.

Ẹ ká aṣọ ìnura àtijọ́ sílẹ̀ níwájú fíríìjì, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹ ká aṣọ mìíràn sí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sínú fírísà, kí ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná lé e lórí kí ooru má bàa ba ike jẹ́. Ẹ pa ilẹ̀kùn fírísà dé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ omi náà. Bí iná bá wà, fáànù tí a kọjú rẹ̀ sínú fírísà láti ọ̀ọ́kán tún máa ń mú un yá gan-an. Nígbà tí yìnyín bá ti ń ṣí kúrò lára ògiri, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ gbé e, tàbí kí ẹ fi ṣíbí ike tì í díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má fi sukurudiráfà kàn án. Inú pẹpẹ fírísà yẹn gan-an ni páìpù gáàsì tó ń mú fíríìjì tutù gbà, alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni. Bí ọ̀bẹ bá gún un lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó gbọ́ "shííì", gáàsì á jáde tán. Jíjó alumíníọ́mù pọ̀ ṣòro, kì í sábà pẹ́ kó tó tún jò. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ṣì lè lo ọdún mélòó kan sí i ni ọ̀bẹ yẹn máa fi ṣòfò. Ẹ má da iyọ̀ sí yìnyín náà, torí iyọ̀ máa ń jẹ alumíníọ́mù. Ẹ má sì gbé àbẹ́là tàbí iná kankan sún mọ́ ọn, torí gáàsì tó wà nínú àwọn fíríìjì kan máa ń gbiná.

Bó ṣe ń yọ́, ẹ máa wo àwọ̀ omi náà. Bó bá mọ́, afẹ́fẹ́ ló mú un wọlé. Bó bá pọ́n tàbí tó rí bí omi ẹja, ẹ ti rí ọ̀kan nínú ibi tí òórùn ti ń wá nìyẹn.

Ohun tí ibi tí yìnyín wà ń sọ

Kí ẹ tó yọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tàbí èyí tó sàn jù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ibi tí yìnyín pọ̀ sí àti ibi tí kò dé máa ń sọ ohun tó ń ṣe fíríìjì náà ju ohun tí ẹ lè rí lẹ́yìn tó bá ti mọ́ tán.

Bí yìnyín bá pọ̀ jù lọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, tó sì ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń wọ inú lọ, afẹ́fẹ́ ìta ló ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Rọ́bà ilẹ̀kùn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá tẹ́ káàkiri ní ọgbọọgba, ó lè má sí ohun tó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ń ṣí jù, pàápàá nílé tí wọ́n ti ń ta omi tútù, tàbí pé wọ́n ń gbé ìkòkò tó ṣì ń rú èéfín wọlé, tàbí pé abọ́ ọbẹ̀ ò ní ìdérí. Nígbà òjò, yìnyín máa ń yára dì torí omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀.

Bó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló dì, tí ìyókù pẹpẹ náà ṣófo, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, gáàsì ti dín kù nìyẹn. Bí yìnyín tàbí òógùn bá bo páìpù tó nípọn lẹ́yìn fíríìjì, ní ìta, lẹ́yìn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gáàsì sí i, ó ṣeé ṣe kó ti fi sí i jù.

Bí yìnyín tó mọ́ gaara bí gíláàsì bá tẹ́ sí ìsàlẹ̀, tàbí tí omi ń dúró sábẹ́ àpótí ẹ̀fọ́, ihò tí omi ń gbà jáde ti dí.

Bí tòmátì àti ẹ̀fọ́ ìsàlẹ̀ bá ń dì, ẹ yí bọ́tìnnì òtútù sí òdo. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, tamosítáàtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ti tutù tó, ti bàjẹ́. Ohun tí kò wọ́n jù ni, oníṣẹ́ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ní ti "no frost", àmì rẹ̀ ni pé òkè ń dì, ìsàlẹ̀ ò tutù, fáànù sì ń ha yìnyín kẹrẹkẹrẹ. Ẹ pa á fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn náà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tó tún wá padà sí bó ṣe wà, ẹ lè sọ fún oníṣẹ́ pé ibi tó ń yọ́ yìnyín ni kó lọ wò: wáyà tó ń gbóná, ohun kékeré tó ń mọ ìgbà tí òtútù pọ̀, tàbí aago tó ń pàṣẹ fún un. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń jẹ́.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn

Ẹ mú owó bébà kan, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ sínú, ìdajì síta, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé lé e lórí. Ẹ fà á. Bó bá le díẹ̀ kó tó jáde, rọ́bà ń ṣiṣẹ́. Bó bá yọ́ jáde wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ń jò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ká. Lóru, ẹ tún lè tan iná fóònù, kí ẹ gbé e sínú, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ pa iná yàrá. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Kí ẹ tó sọ pé rọ́bà ti bàjẹ́, ẹ fi ìka fa ìṣẹ́po rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí èérún búrẹ́dì, ọbẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, ohun mímu dídùn tó ti di gọ́ọ̀mù, àti ìdọ̀tí dúdú tó ń hù. Àwọn aáyán kéékèèké náà fẹ́ràn ibẹ̀. Ìdọ̀tí yìí nìkan lè máa ti rọ́bà kúrò lára irin, òun náà sì ń dá kún òórùn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwọ́ lẹ máa fi fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ.

Bí rọ́bà bá tẹ́ níbì kan, ẹ rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ẹ fún un, kí ẹ fi tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí á fi rọ̀, kí ẹ wá fà á padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé mọ́jú. Fasilíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè ilẹ̀kùn máa ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tó bá ti ya tàbí tó ti le gan-gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi lẹ̀ ẹ́ yóò gbẹ, á sì le ju rọ́bà lọ, jíjò ibẹ̀ á wá burú sí i. Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì mú ègé rọ́bà àtijọ́ dání.

Ẹ tún wo bí fíríìjì ṣe dúró. Ó yẹ kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, kí ilẹ̀kùn tí ẹ bá ṣí dé ìdajì lè padà lọ padé fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ṣeé yí sókè.

Ihò omi àti àwo ẹ̀yìn

Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù, torí àwọn tó ń fọ fíríìjì wọn lóṣooṣù pàápàá kì í débẹ̀. Nínú apá ìsàlẹ̀ fíríìjì, lára ògiri ẹ̀yìn, ojú àgbàrá kékeré kan wà tó ní ihò bí ẹnu báírò. Ibẹ̀ ni omi tó ń ro láti ara ògiri gbà lọ síta. Ewé ẹ̀fọ́ kan, ègé ọ̀rá tàbí ìrẹsì díẹ̀ ti tó láti dí i. Omi á dúró, á sì máa rùn.

Ẹ ra sírínjì ńlá ní ilé oògùn, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi fa omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tì í sínú ihò náà. Bó bá ṣòro, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé tẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà pọ̀, lè wọlé. Ẹ má lo wáyà irin, kó má baà gún páìpù inú. Lẹ́yìn náà, ẹ da ife omi kan síbẹ̀, kí ẹ lọ sẹ́yìn lọ wò ó bóyá ó jáde.

Inú àwo ike kan tó wà lórí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì dúdú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ló máa jáde sí. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń gbẹ omi náà lọ. Omi ń lọ, ìdọ̀tí ń ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó bá ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan níbẹ̀ tó ń yọ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ aáyán, nígbà míì ọmọńlé tó ti kú pàápàá. Òórùn rẹ̀ á máa jáde sí ilé ìdáná, gbogbo ilé á sì rò pé inú fíríìjì ni. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ yọ àwo náà bó bá ṣeé yọ, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èyí tí kò ṣeé yọ, àkísà lẹ máa fi nù ún. Bí ẹ bá fẹ́ lo omi ìfọṣọ funfun tó ń pa kòkòrò (bleach), síbí ìjẹun kan nínú lítà mẹ́rin omi ti tó, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ fínígà láéláé, torí èéfín tó máa jáde máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó wà lára àwọn páìpù dúdú tó ká wíríwírí, kí ẹ sì fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sílẹ̀ sí ògiri.

Fífọ inú rẹ̀

Ẹ yọ gbogbo pẹpẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn onígíláàsì kọ́kọ́ kúrò nínú òtútù kí ẹ tó fi omi gbígbóná kàn wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á sán. Ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ kàn, torí ọ̀rá ọbẹ̀ ló ń di òórùn mú. Lẹ́yìn ìyẹn, síbí ìjẹun méjì béékìn sódà nínú lítà kan omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi nu gbogbo ògiri, òrùlé fíríìjì, abẹ́ àpótí ẹ̀fọ́, àti ojú ihò tí skúrù wọ̀. Béékìn páúdà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì kò lè dípò rẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan.

Bí òórùn bá ṣẹ́kù, ẹ sá èédú tó mọ́ sóòrùn, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì nínú abọ́ tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ mélòó kan. Béékìn sódà nínú abọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ káńfọ̀ funfun tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kò gbọdọ̀ dé ibi tí oúnjẹ wà. Májèlé ni, oúnjẹ sì máa ń fa òórùn rẹ̀ mu.

Òórùn kan wà tí kò ní lọ. Bí ike inú bá ti sán, omi ẹja ti lè wọ inú fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ kankan ò sì lè débẹ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà fún ọjọ́ púpọ̀ kó lè gbẹ, kí ẹ fi sílíkóònù dí ibi tó sán. Bó bá ṣì ń rùn lẹ́yìn ìyẹn, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó tún náwó sí i.

Tó bá mọ́ tán, irú àti ẹja gbígbẹ, inú abọ́ tó dé pinpin ni. Omi orí ògì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹran tútù, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ gbé e sínú àwo tó jinlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ní ibi tó máa dúró sí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Bí òórùn tí ẹ ń gbọ́ bá jọ ti ike tàbí wáyà tó ń jóná, ẹ yọ ọ́ lára iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má tan án mọ́ títí oníṣẹ́ fi máa dé. Ẹni tó bá ṣì ní fíríìjì oníkẹrosíìnì àtijọ́, tó bá gbóòórùn tó ń ta ojú bíi ti ìtọ̀ tó ti pẹ́, amóníà, gáàsì olóró tó ń mú irú fíríìjì yẹn tutù, ló ń jò. Kó ṣí fèrèsé, kó kó àwọn ọmọ jáde, kó pa iná rẹ̀.

Títàn án padà

Láàárín ìgbà tí ẹ bá pa á àti ìgbà tí ẹ bá tún tàn án, ó kéré tán, ó yẹ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ́ńjìnnì má bàa wọ wàhálà. Sítábíláísà tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná fún fíríìjì ń ṣe iṣẹ́ yìí fún yín nígbàkígbà tí iná bá já tó tún dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ki tẹmọ́mítà sínú ife omi tó ti sùn lórí pẹpẹ àárín. Ó yẹ kó jẹ́ 4°C tàbí kó kéré sí i. Ti fírísà, -18°C.

Bí ilẹ̀kùn bá padé dáadáa, tí ẹ ò sì ṣí i, oúnjẹ inú fíríìjì lè fara da àìsí iná fún bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún lè tó wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á tó 24. Nítorí náà, ẹ fi omi inú ọ̀rá kún àyè tó bá ṣófo nínú fírísà.

Nígbà tó bá di ti oníṣẹ́

Ẹ fi àwòrán tí ẹ yà hàn án. Bó bá sọ pé gáàsì ti tán, ẹ bi í pé ibo ló ti jò. Gáàsì fíríìjì kì í jó tán bíi bẹntiróò, inú páìpù tó dí pa ló ń yí po. Bó bá dín, ó gba ibì kan jáde ni, ẹni tó bá sì fi òmíràn sí i láì wá ibẹ̀ rí, á tún padà wá gbowó. Orúkọ gáàsì náà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì tàbí mọ́ ẹ́ńjìnnì: R12 lára àwọn tó ti pẹ́ gan-an, R134a lára àwọn tó tẹ̀ lé e, R600a lára ọ̀pọ̀ àwọn tuntun. Èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kó lò. R600a máa ń gbiná, nítorí náà, ìta gbangba tàbí ibi tí fèrèsé ṣí ni kó ti ṣe é, kí iná gáàsì ìdáná má sì wà nítòsí.

Bó bá jẹ́ inú fóòmù ògiri ló ti ń jò, tàbí tó jẹ́ pé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló kú, ẹ fi iye tó bá pè wé iye tòkunbọ̀ mìíràn kí ẹ tó dá a lóhùn. Èyí tí ẹ bá sì pinnu láti jù nù, ẹ má gé páìpù rẹ̀ fúnra yín. Ẹ tú ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé e sí àgbàlá, kódà bó jẹ́ pé fún ọjọ́ kan péré ni. Ọmọ tó ń ṣeré lè kó sínú rẹ̀, kí ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ohùn rẹ̀.